Bí Mo Ṣe Dín Ojú Awòràwọ̀ Kù

Sátidé, 9 Jánúárì 1988

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Ètè mi ti bẹ́, èmi àti omi tútù sì ti di ọ̀tá láàárọ̀. Samuel gbé pátákó eré wa wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ó fi aṣọ wé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí. Nígbà tó ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Sánmà dúdú, ìràwọ̀ funfun wẹ́wẹ́, ayé mẹ́rìndínlógún tí ọ̀nà tín-ín-rín so pọ̀. Àtíìsì tó ń kọ "Má tọ̀ síbí" sára ògiri onílé ni Samuel, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí pátákó yìí á mọ̀ pé ògiri ń fi ìyà jẹ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Èmi ni mo ṣe òfin. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló ń du sánmà: Pupa, Funfun, Aró, Dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olórí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, olórí kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta nínú káàdì rẹ̀: Apá fún ogun, Ojú fún rírí ọkọ̀ òfurufú tí ọ̀tá fi pamọ́, Ẹnu fún bíbá aládùúgbò mulẹ̀. Méjìlá ni àròpọ̀ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìyá Ogun ti Pupa ní Apá mẹ́fà; Awòràwọ̀ ti Dúdú ní Ojú mẹ́fà. Lórí ìwé, wọ́n dọ́gba. Lọ́jọ́ Gálílì, Mọ́ńdè Àjíǹde tí àwọn ìjọ máa ń ṣe fàájì pọ̀, ìjọ mẹ́rin ni yóò fi eré yìí figagbága, ìjọ kan sí orílẹ̀-èdè kan. Bí olórí kan bá ju ìyókù lọ, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní màtì ni wọn yóò fi ṣẹ̀sín.

Sátidé, 16 Jánúárì

A gbé e lọ sílé Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ní Pópó Yemọja. Akọ̀wé ìjọ wa ni Bàbá, òun ló sì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Bí kò bá fọwọ́ sí i, eré wa ò dé Gálílì. Èmi, Samuel àti Sẹ̀gilọlá télọ̀ la lọ. Bàbá wo pátákó náà títí.

"Ogun lójú ọ̀run? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò ka ìwé Ìfihàn ni?"

"Bàbá, inú Ìfihàn náà kúkú ni ogun ojú ọ̀run wà, sà," ni Samuel wí.

Mo tẹ Samuel lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé rúlà òun wá, ó ní ìlà kan wọ́ láàárín ayé kẹta àti ìkẹrin. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ya máàpù fún ìjọba. Ojú rẹ̀ ò lè gba ìlà tó wọ́. Dúdú ló yàn, nítorí pé ohun tí Samuel yà sọ́wọ́ Awòràwọ̀ jọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ nígbà tiwọn. Ó ní nọ́ńbà inú káàdì kéré jù fún ojú òun, nítorí náà èmi ni mo ń kà á fún un.

Bàbá ló borí. Ó kù díẹ̀ kí n gba ayé kẹsàn-án lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí ọkọ̀ mi gba ibòmíràn. Ta ni mí tí n ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi A, B, D hàn mí nílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi?

Àǹtí Bertha, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sìn wá jáde. "Edith, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí Màámi ti lọ, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Ó ti ń gbàgbé nǹkan. Ó gbé kẹ́tùlù kaná lọ́jọ́sí títí tí ìdí ẹ̀ fi jó. Ẹ̀rù ń bà á pé orí òun ti ń bàjẹ́."

Sátidé, 30 Jánúárì

Eré márùn-ún, Dúdú borí mẹ́rin. Mo ti dín Ojú Awòràwọ̀ kù sí márùn-ún. N kò sọ fún Bàbá. Àgbà wo ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọ kékeré bu nǹkan òun kù? Ìṣirò kì í ṣojúsàájú.

Sátidé, 13 Fẹ́búárì

Páálí tí a rà ní náírà méjì ṣáájú Kérésì ti di mẹ́rin l'Ọ́jà'ba. Ìyá tó ń tà á ní kí n lọ bi ìjọba.

Bàbá tún nà wá. Ó ń fò lórí àga bí ọmọdé. Lójijì ló yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Edith, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fi í sílẹ̀ fún mi?"

"Rárá o, sà! Ọlọ́run ló dá mi. Ẹ gbọ́n jù wá lọ ni."

Ó dá awò ojú padà. Ó sọ fún Bertha pé, "Ẹni tó ń na olùkọ́ màtì, ṣé orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló bàjẹ́?"

Inú mi dùn débi pé ẹ̀kọ tí mo jẹ lálẹ́ ò bèèrè ẹran.

Ọjọ́rú, 17 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ebi.

Sátidé, 27 Fẹ́búárì

Eré mọ́kànlá, Dúdú borí mẹ́sàn-án. Ojú di mẹ́rin. Ìjọ wa ni yóò lo Dúdú, Bàbá ni yóò sì jókòó sídìí rẹ̀. Ó ti bá gbogbo ìjọ sọ ọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn yóò ní Edith ṣe olórí Dúdú ní àkàndá fún ìjọ tirẹ̀. N kò lè gbé orúkọ burúkú bẹ́ẹ̀ rìn l'Árẹ̀mọ, àdúgbò wa.

Sátidé, 5 Máàṣì

Ibà dá Bàbá dúró sílé, a ò lọ. A ta á lọ́dọ̀ Sẹ̀gilọlá, Samuel mú Dúdú. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi lé e kúrò lójú sánmà. Samuel ò ní sùúrù, ìyẹn náà ni. N kò ka eré yìí mọ́ ìyókù.

Sátidé, 12 Máàṣì

Ara Bàbá yá, ó borí lẹ́ẹ̀mejì. Ojú di mẹ́ta, ó sì tún ń borí! Ọpọlọ kan wà lórí bàbá yìí.

Sátidé, 19 Máàṣì

Bàbá tún borí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo parí ẹ̀. Ojú Awòràwọ̀ di méjì. Samuel ya káàdì tòótọ́, ó fi fáníìṣì kùn ún, a sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìjọ mẹ́ta yòókù kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Samuel bi mí pé ṣé mẹ́jọ ò kéré sí méjìlá. Mo ní kó bá iṣẹ́ ọ̀dà rẹ̀ lọ, kó fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ.

Gúdù Fúráídè, 1 Éépírì

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe rí, n kò ní fi ọ̀dà kùn ún.

Lẹ́yìn ìsìn, àwa mẹ́ta ta eré náà lábẹ́ àtíbàbà Sẹ̀gilọlá. Èmi ni mo mú Dúdú. Mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, n kò rí ọkọ̀ ọ̀tá kan ṣoṣo títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà mi.

Mo ní, "Báwo wá ni Bàbá ṣe ń borí?"

Sẹ̀gilọlá ń gbá okùn òwú jọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé ìwọ rò pé mò ń bá Bàbá jà ni? Mo máa ń dojú káàdì mi kọ ọ́ kó lè rí i."

Samuel ní, "Háà! Ìwọ náà? Mo rò pé èmi nìkan ni. Mo máa ń yí ọkọ̀ mi gba ẹ̀yìn tí mo bá ti dé ilẹ̀ ẹ̀."

Àwọn méjèèjì wá ń wò mí. Èmi tí mo ti yí ọkọ̀ mi padà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, tí mo tún ń lọ sílé lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé Dúdú lágbára jù. Ẹni mẹ́ta ń fi eré sílẹ̀ fún àgbà, mo wá ń bu agbára olórí rẹ̀ kù nítorí pé àgbà ń borí. Bó ṣe ń borí ni mò ń gé e. Ọmọ kíláàsì kejì tó bá ṣe irú ìṣirò báyìí, èmi ni n ó nà án.

Samuel ní òun lè tún káàdì Dúdú yà kó tó di Mọ́ńdè. Mo ní rárá. Mo ní àwọn ìjọ yòókù ti ní ẹ̀dà lọ́wọ́, bí a bá fi mẹ́rin lé nọ́ńbà ìjọ tiwa nísinsìnyí, olè ni wọn yóò pè wá. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá tún un ṣe, Bàbá á bi mí léèrè, n ó sì sọ fún un pé kò borí wa rí. Ẹnu mi ò gbà á. Mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n dákẹ́.

Mọ́ńdè Àjíǹde, 4 Éépírì

Oòrùn mú. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n tẹ́ pátákó sí, èrò rọ̀gbà yí i ká. Bàbá wọ aṣọ funfun rẹ̀, Àǹtí Bertha ti lọ̀ ọ́ débi pé ó lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó mú Pupa ni Ọmọ́tọ́lá, ọmọ yunifásítì láti ìjọ Mọ́kọ́lá. Kò mọ Bàbá rí. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó dìde, ó sì gba ayé mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá wò mí. Ó rò pé ó ṣì òfin gbọ́. Mo wo ilẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú péré ni. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá arúgbó lọ sinmi jàre," àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo lè ní, ẹ dúró, káàdì yìí ló lábùkù. Mò ń gé èékánná mi jẹ.

Bàbá gbàdúrà fún ẹni tó borí, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló dá káàdì padà fún mi. "Edith, mi ò rí wọn. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀, mo tẹjú mọ́ ọn, mi ò rí wọn."

Ìrẹsì Gálílì wà nínú abọ́ títí mo fi délé. Mo gbé e fún ajá.

Sọ́ńdè, 10 Éépírì

Bàbá kó ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ àti Bíbélì ńlá fún Alága ìjọ níwájú gbogbo wa. "Ẹ wá ẹni tí orí ẹ̀ ṣì pé. Tèmi ti ń lọ." Àwọn ìyá ń sunkún. Alága ní kó mú wọn lọ sílé ná, kí ìjọ gbàdúrà sí i.

Bí ilẹ̀ bá lanu, n ó wọlé tìdùnnú-tìdùnnú.

Ọjọ́rú, 13 Éépírì

Mo lọ sí Pópó Yemọja tààrà láti ilé-ìwé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, àṣìṣe mi ni. Mo bu Awòràwọ̀ yín kù. Ojú méjì péré ni mo fi sílẹ̀ fún un."

Ó wá awò rẹ̀, ó gbé káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo mú wá súnmọ́ ojú, ó fi pẹ́ńsù ro wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Méjìlá. Méjìlá. Méjìlá. Mẹ́jọ.

"Mẹ́jọ! Bertha! Wá gbọ́! Ẹni tí wọ́n di lójú ni wọ́n ní kò ríran!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Kí ló dé tí o fi bù ú kù?"

"Ẹ ti ń borí jù, sà."

"Mò ń borí jù!" Ó tún un sọ bí ẹni ń lá oyin.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ èyí tó kù. Ó gbé mílíkì àti búrẹ́dì fún mi, mo sì jẹ ẹ́.

Sọ́ńdè, 17 Éépírì

Bàbá ka ẹ̀kọ́ lónìí, ohùn rẹ̀ dé Mápó. Nígbà ìkéde, ó ní káàdì ló lábùkù, kì í ṣe orí òun, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni òun ti na olùkọ́ màtì. Gbogbo ìjọ kígbe halelúyà. Wọ́n yíjú wá wò mí, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Èyí tó burú jù: ó ti kọ lẹ́tà sí ìjọ Mọ́kọ́lá pé kí Ọmọ́tọ́lá wá pàdé òun ní Sọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́sì, pẹ̀lú káàdì méjìlá-méjìlá.

Ọjọ́bọ̀, 21 Éépírì

Òjò àkọ́rọ̀. Òrùlé mi ń jò síbi tí mo kó ìwé sí. Samuel wá bá mi gbé wọn, ó ní, "Sister Edith, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn tún tú bàbá sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kejì ni? Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́." Mo bínú sí i nítorí pé ó tọ̀nà.

Sátidé, 23 Éépírì

Mo ti sọ ọ́. Mo sọ ọ́ láti orí ayé kẹsàn-án dé orí káàdì Sẹ̀gilọlá. Àǹtí Bertha dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá bi mí pé, "Èwo ni mo jẹ nínú mẹ́rìnlá yẹn?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ọ̀kan?"

"Mi ò mọ̀, sà. A ò jà rí."

Ó ní, "Ẹ rò pé ọ̀wọ̀ lẹ bù fún mi." Lẹ́yìn náà ló fa pátákó súnmọ́ra. "Mo ti kọ lẹ́tà, mi ò ní sá. Jókòó. Ta á bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí."

Mo dá Ojú Awòràwọ̀ padà sí mẹ́fà, mo sì ta á bẹ́ẹ̀. Omijé ń dà lójú mi, mò ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo borí.

Sátidé, 30 Éépírì

Mo borí. Ó ní kí n fi ibi tí òun ti ṣìṣe hàn òun. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé gígùn tó fi ń ya máàpù nígbà kan.

Sátidé, 7 Méè

Mo borí, ṣùgbọ́n mo làágùn. Ó rí ọkọ̀ mi méjì níbi tí mo rò pé eṣinṣin kan ò lè rí i. Bàbá tó gbàgbé kẹ́tùlù kò gbàgbé ọ̀nà kan ṣoṣo nínú sánmà yẹn.

Sátidé, 14 Méè

Ayé kan péré ni mo fi jù ú lọ. Àǹtí Bertha dáhùn kíkí mi lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Sátidé, 21 Méè

Ọ̀la ni Pẹ́ńtíkọ́sì.

A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ jà. Mo fi Ìyá Ogun gba ọ̀nà òkè, ó ti mọ̀ kí n tó gbéra. Mo sá sí ìsàlẹ̀, ó ti ń dúró dè mí. Ó bá Aró tí Samuel ń ta mulẹ̀, wọ́n sé mi mọ́ àárín. Nígbà tí ayé mi ìkẹyìn bọ́, mo pariwo. Mo dìde, mò ń pàtẹ́wọ́, mò ń fò. "Bàbá! Ẹ jẹ ẹ́! Ẹ jẹ ẹ́, sà!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí bó ṣe wò mí ní oṣù kejì.

"Ṣé o fi í sílẹ̀ fún mi ni?"

"Rárá, sà! Ọlọ́run ló dá mi!"

"Ohun tí o wí nígbà yẹn náà nìyẹn."

Samuel búra. Mo búra. Mo mú Bíbélì ńlá lórí tábìlì, mo gbé ọwọ́ lé e. Bàbá rọra gbé ọwọ́ mi kúrò lórí ẹ̀, ó ní kí n má fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ń to káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú páálí, Awòràwọ̀ ló fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ ńlá, ẹ fẹ́ kí n fìgboyà lọ. Mo mọ inú yín. Kí Samuel jókòó dípò mi, kó bá ọmọ yẹn ta á lọ́la. Ẹ sọ fún Alága kó wá ẹni tó máa ka ẹ̀kọ́."

Mo fa ìwé mi yọ láti kọ eré náà sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ti rí i. Ó na ọwọ́, ó gba pẹ́ńsù.

"Edith. Má kọ ọ́."

N kò kọ ọ́ sínú ìwé eré. Mo kọ ọ́ síbí, níbi tí kò ní í kà á láéláé: Bàbá Ògúnlẹ́yẹ borí lónìí. Mo jà, ó sì borí mi.